Òkè Lẹ Ń Wò, Ẹ Kò Wo Ìsàlẹ̀: Bí Ìlú Ọba Ṣe Tọ́jú Ẹsẹ̀ Àwọn Ọmọ Wọn Láàárín Ogun Méjì

Àwọn àgbà ní wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù orí rẹ̀ wọ́, ó sì dá wọn lóhùn pé òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Bí a bá pa òwe yìí, ẹ̀rín ni a máa ń rín. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ̀yin ìyálọ́jà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tíṣà, mo bẹ̀ yín kí ẹ dá ẹ̀rín dúró díẹ̀ lónìí, kí a jọ wo ìsàlẹ̀ náà dáadáa.

Iṣẹ́ tíṣà ni mo ń ṣe. Láti ìgbà tí mo ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ọdún kan tí wọn kì í mú ọmọ tó ti pé ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án wá sí kíláàsì kìíní. Bí mo bá bi ìyá rẹ̀ pé kí ló dé tí ó fi pẹ́ tó báyìí, yóò wolẹ̀, yóò sì ní, "Tíṣà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni." Ọmọ náà á ti jókòó sẹ́yìn ìsọ̀ ìyá rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, á máa ka owó, á máa lé eṣinṣin, bẹ́ẹ̀ ni orí rẹ̀ pé, ó tilẹ̀ lè mọ ìṣirò ju àwọn tó ń sáré kiri lọ. Ẹsẹ̀ nìkan ló wọ́. Kò sì sí ẹni tó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ẹsẹ̀ tó wọ́ ṣeé tọ́, bí a bá tètè bẹ̀rẹ̀.

Nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fẹ́ sọ ìtàn yìí, ìtàn bí àwọn ará Ìlú Ọba ṣe gbé ìtọ́jú egungun dé ọ̀dọ̀ ọmọ tálákà láàárín ọdún 1918 tí ogun àgbáyé kìíní parí, àti ọdún 1939 tí ogun kejì bẹ̀rẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé nítorí pé wọ́n lówó ni. Ẹ ó rí i pé ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà kò lówó lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ sì ń fi ọ̀pá rìn.

ÀRÙN MẸ́TA TÓ Ń SỌ ỌMỌ DI ARỌ

Ní ìgbà náà, àrùn mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù nínú ohun tó ń ba ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn ọmọdé jẹ́ ní Ìlú Ọba.

Èkínní ni ikọ́ ife tó wọ inú egungun. Ọ̀pọ̀ wa mọ ikọ́ ife gẹ́gẹ́ bí àrùn inú àyà nìkan, ṣùgbọ́n kòkòrò rẹ̀ a máa wọ egungun ẹ̀yìn, ìbàdí àti orúnkún, yóò jẹ ẹ́ bí ikán ti ń jẹ òpó ilé. Ọmọ mìíràn á di abuké, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn á kúrú. Láti inú wàrà màlúù ni púpọ̀ nínú àwọn ọmọdé ti ń kó o, nítorí pé màlúù náà ń ṣàìsàn ikọ́ ife, wọn kò sì se wàrà náà kí ọmọ tó mu ún.

Èkejì ni ríkẹ́ẹ̀tì, tí ń mú kí egungun rọ̀. Bí ọmọ bá dìde dúró, ìwúwo ara rẹ̀ á tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ọrun ọdẹ, tàbí kí orúnkún méjèèjì máa gbá ara wọn. Àwọn ìlú tí ilé iṣẹ́ pọ̀ sí ni èyí ti pọ̀ jù, nítorí èéfín bo ojú ọ̀run, àwọn ọmọ kì í sì í rí oòrùn nínú àwọn ọ̀ọ̀dẹ̀ tóóró tí wọ́n ń gbé.

Ẹ̀kẹta ni àrùn tí àwa ń pè ní rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ọmọ á sùn pẹ̀lú ibà ní alẹ́, bí ilẹ̀ bá máa fi mọ́, ẹsẹ̀ kan kò ní í gbéra mọ́. Ní gbogbo àárín ogun méjèèjì, kò sí àjẹsára fún un rárá.

Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ ti olówó, wọ́n á wá dókítà fún un. Ti tálákà á máa wọ́ nílẹ̀ nínú yàrá. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n á ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n á sì dá a padà sílé láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí ẹlòmíràn ń dúró de bẹ́ẹ̀dì. Kò sí ẹni tí yóò tẹ̀lé e délé láti wò bóyá irin ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kéré jù tàbí ó ti já. Kò sì ní í pẹ́ tí ẹsẹ̀ náà á tún wọ́ padà.

ỌMỌ TEGUNTEGUN DI DÓKÍTÀ

Ìdílé kan wà ní erékùṣù Anglesey ní ilẹ̀ Wales tí iṣẹ́ wọn láti ìran dé ìran jẹ́ títo eegun, bí àwọn teguntegun tiwa gan-an. Ọ̀kan nínú wọn, Evan Thomas, wá sí ìlú Liverpool, àwọn òṣìṣẹ́ èbúté sì ń wọ́ tọ̀ ọ́. Àwọn dókítà kò fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ń pè é lẹ́jọ́ kiri kóòtù. Ó ronú títí, ó sì rán àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà, kí ẹnikẹ́ni má baà lè fi òfin mú wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ni Hugh Owen Thomas, tí a bí ní ọdún 1834. Ọgbọ́n ilé baba rẹ̀ àti ọgbọ́n ìwé pàdé lára rẹ̀. Ó gbà gbọ́ pé ìsinmi ni egungun tó ń ṣàìsàn ń fẹ́, ìsinmi pípẹ́ tí a kò gbọdọ̀ dá dúró lágbedeméjì. Ó fi irin àti awọ ṣe ohun èlò tí a fi ń di ẹsẹ̀ kí ó má baà mì. Ní ọjọ́ Ìsinmi ó ń tọ́jú àwọn tálákà lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn dókítà ìgbà ayé rẹ̀ kò kà á sí, ó sì kú ní ọdún 1891.

Ṣùgbọ́n ó ti tọ́ ẹnì kan. Robert Jones, ọmọ ìbátan ìyàwó rẹ̀, wá ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó sì kọ́ iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ogun 1914 dé, Jones ni wọ́n fi ṣe olórí ìtọ́jú egungun àwọn sójà Gẹ̀ẹ́sì. Irin tí Thomas ṣe fún ẹsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ èbúté àti ọmọ tálákà ni wọ́n gbé lọ sí ojú ogun, ó sì gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀lọpọ̀ sójà tí egungun itan wọn ṣẹ́ là. Ọgbọ́n teguntegun kan láti erékùṣù kékeré ló di ohun tí gbogbo ayé ń lò bẹ́ẹ̀.

ARÁBÌNRIN TÓ Ń FI Ọ̀PÁ RÌN

Ẹnì kejì tí a gbọ́dọ̀ mọ̀ ni Agnes Hunt, tí a bí ní ọdún 1866. Nígbà tí ó wà lọ́mọdé, ilẹ̀ròrò lásán tí bàtà fà sí i ní gìgísẹ̀ ló di egbò, májèlé egbò náà wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì ba egungun ìbàdí rẹ̀ jẹ́. Láti ìgbà náà ló ti di amúkùn-ún. Síbẹ̀ ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń sọ pé kí ni amúkùn-ún fẹ́ fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ṣe.

Ní ọdún 1900, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Emily Goodford ṣí ilé ìtọ́jú kékeré kan sí abúlé Baschurch, ní agbègbè Shropshire. Ilé náà kò bá iṣẹ́ náà mu, àtẹ̀gùn rẹ̀ ga, gbígbé àwọn arọ gun òkè sì ṣòro. Wọ́n wá kọ́ àgọ́ onípákó sí àgbàlá, tí iwájú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, àwọn ọmọ sì ń sùn síbẹ̀ lóru àti lọ́sàn-án, nínú òtútù ilẹ̀ wọn. Àwọn aládùúgbò rò pé òtútù yóò pa wọ́n. Dípò kí wọ́n kú, ńṣe ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn ń pupa, tí oúnjẹ sì ń dùn mọ́ wọn lẹ́nu.

Nígbà tí ìbàdí Agnes Hunt tún dà á láàmú, ó lọ sọ́dọ̀ Robert Jones ní Liverpool. Lẹ́yìn èyí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ dókítà náà, tí ó ń fi kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́ tì wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin. Ẹ wo wàhálà náà! Nígbà tó yá, Jones sọ pé òun ni yóò máa wá bá wọn ní abúlé. Bí dókítà ńlá ṣe ń fi ìlú sílẹ̀ lọ bá àwọn ọmọ arọ lábẹ́ àgọ́ nìyẹn.

ILÉ ÌWÒSÀN KAN, Ẹ̀KA PÚPỌ̀

Agnes Hunt ṣàkíyèsí pé bí ọmọ bá kúrò lọ́dọ̀ òun, ọ̀pọ̀ ni kì í lè padà wá fún àyẹ̀wò, nítorí ọ̀nà jìn, owó ọkọ̀ kò sì sí. Ó wá ní bí ọmọ kò bá lè wá sọ́dọ̀ wa, àwa ni yóò tọ̀ ọ́ lọ. Wọ́n yá yàrá kékeré ní àwọn ìlú káàkiri agbègbè náà, nọ́ọ̀sì á máa lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ti dá, dókítà náà á sì máa yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń tún irin ẹsẹ̀ ṣe, tí wọ́n ń wo bí ẹ̀yìn ṣe tọ́ sí, tí wọ́n sì ń kọ́ ìyá bí yóò ṣe máa na iṣan ọmọ rẹ̀ nílé.

Nígbà tí ogun parí, Robert Jones àti dókítà mìíràn, Girdlestone ti ìlú Oxford, kọ ìwé jáde ní ọdún 1919 pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè náà gba ètò yìí: kí agbègbè kọ̀ọ̀kan ní ilé ìwòsàn ńlá kan tí ó ń gba afẹ́fẹ́ ní ìgbèríko, kí àwọn ẹ̀ka kéékèèké sì yí i ká ní àwọn ìlú. Ní ọdún 1921, wọ́n kó ilé ìwòsàn Baschurch lọ sí Oswestry, sínú ilé ìwòsàn tí àwọn sójà ti lò. Ibi tí wọ́n ti tọ́jú ẹni tí ìbọn bà wá di ibi tí ọmọdé ti ń kọ́ ìrìn.

Ẹ̀yin oníṣòwò yóò béèrè pé ta ló ń sanwó. Ìbéèrè gidi ni. Òfin ẹ̀kọ́ ti ọdún 1918 sọ ọ́ di dandan fún àwọn ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ láti pèsè fún àwọn ọmọ tí ara wọn kò pé. Òfin mìíràn ní ọdún kan náà fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ láyè láti ná owó lórí ìlera ìyá àti ọmọ. Ní 1921, òfin ikọ́ ife gbé ìtọ́jú àrùn náà lé àwọn ìgbìmọ̀ agbègbè lọ́wọ́. Nítorí náà, ìgbìmọ̀ á san owó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, òbí á fi ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ ká kún un, àwọn ará ìlú á sì dá èyí tó kù. Àwọn obìnrin ìlú ló ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ ẹ̀ka wọ̀nyí, wọ́n ń kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀, wọ́n ń po tíì, wọ́n ń lọ wo ẹni tí kò wá. Àgbájọ ọwọ́ ni wọ́n fi sọ̀yà.

Ètò náà ní àbùkù o. Nítorí pé agbègbè kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀, ọmọ tí a bí sí ibi tí ìgbìmọ̀ ti lójú àánú rí ìtọ́jú, ẹni tí a bí sí ibi tí wọ́n ti háwọ́ kò rí i. Ó di ọdún 1948, nígbà tí ìjọba wọn gba gbogbo ilé ìwòsàn sọ́wọ́, kí ìyàtọ̀ yìí tó dín kù.

Ẹ̀KỌ́ LÓRÍ BẸ́Ẹ̀DÌ

Ibi tó wù mí jù nínú ìtàn yìí ni ti ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ tí ikọ́ ife wà ní egungun ẹ̀yìn rẹ̀ lè wà ní ìdùbúlẹ̀ lórí férémù irin fún ọdún kan, ọdún méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kò tíì sí oògùn tó ń pa kòkòrò náà. Ìsinmi, oòrùn, afẹ́fẹ́ àti oúnjẹ ni oògùn wọn. Ṣé kí orí ọmọ wá sùn nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ń sùn? Wọ́n ní rárá. Wọ́n mú tíṣà wọ inú wọ́ọ̀dù. Ọmọ tó dojú kọ òkè á máa wo ìwé tí wọ́n gbé kọ́ sókè orí rẹ̀, ẹni tó dojú bolẹ̀ á máa kọ̀wé sórí pákó tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 1927, wọ́n tún dá kọ́lẹ́ẹ̀jì kan sílẹ̀ nítòsí Oswestry, tí à ń pè ní Derwen, fún kíkọ́ àwọn arọ ní iṣẹ́ ọwọ́. Agnes Hunt mọ̀ pé ẹni tó bá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹun kì í ṣe ẹni à ń káàánú.

OMIJÉ ỌJỌ́ ÌBẸ̀WÒ

N kò ní í fi apá kan pamọ́ fún yín. Àwọn ilé ìwòsàn wọ̀nyí le lórí ọ̀rọ̀ òbí. Ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni wọ́n ń jẹ́ kí ìyá wá wo ọmọ rẹ̀. Wọ́n ní bí ìyá bá wá, ọmọ á sunkún, wọ́ọ̀dù á dàrú. Ọmọ mìíràn fi ilé sílẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́ta, ó padà ní ọmọ ọdún mẹ́fà, kò sì dá ìyá rẹ̀ mọ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ tọ́, ṣùgbọ́n ọkàn gbọgbẹ́.

Ẹni tó bá wọn ṣí ilẹ̀kùn náà kì í ṣe àjèjì sí iṣẹ́ yìí. Harry Platt ní ikọ́ ife ní orúnkún nígbà tí ó wà lọ́mọdé, Robert Jones ló sì tọ́jú rẹ̀. Ó dàgbà, òun náà di dókítà egungun ní Manchester. Òun ni alága ìgbìmọ̀ tó jábọ̀ fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1959 pé kí wọ́n jẹ́ kí òbí máa wọlé sọ́dọ̀ ọmọ wọn nígbàkigbà. Ọmọ tí a tọ́jú ló wá tún ìtọ́jú ṣe. Ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó kú ní 1986.

OHUN TÍ Ó MÚ BẸ́Ẹ̀DÌ ṢÓFO

Bí iṣẹ́ wọn ti dára tó, kì í ṣe irin àti férémù ló lé àrùn wọ̀nyí lọ. Wíwo ìsàlẹ̀ ni. Ní ọdún 1919, Huldschinsky ní ìlú Berlin fi iná tó ní ìtànṣán bíi ti oòrùn wo àwọn ọmọ onírìkẹ́ẹ̀tì sàn. Ní àkókò kan náà ni Mellanby ní Ìlú Ọba ń fi hàn pé òróró ẹ̀dọ̀ ẹja kọ́ọ̀dù ń dènà àrùn náà. Harriette Chick àti àwọn obìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì lọ sí Vienna lẹ́yìn ogun, wọ́n rí i láàárín àwọn ọmọ tí ebi ti pa níbẹ̀ pé òróró ẹja àti oòrùn, bákan náà ni wọ́n ń ṣiṣẹ́. A mọ̀ lónìí pé fítámì D ni àṣírí méjèèjì. Síse wàrà àti yíyọ màlúù tó ń ṣàìsàn kúrò nínú agbo lé ikọ́ ife egungun sẹ́yìn, oògùn streptomycin tí wọ́n rí ní ọdún 1943 sì dé láti parí ìjà. Ní 1955 ni wọ́n kéde àjẹsára Salk fún rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀.

ÀWA NÍLÉ ŃKỌ́?

Tiwa náà bẹ̀rẹ̀ bíi tiwọn. Ìgbòbí ní Èkó, tí gbogbo wa mọ̀ sí ilé ìwòsàn egungun, ọ̀rọ̀ sójà ló bí i. Ní ọdún 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun kejì, kí ó tó di ti gbogbo ayé. A dúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n Ìgbòbí kan kò lè jẹ́ ẹ̀ka fún gbogbo ìlú.

A ti borí nǹkan kan: ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé kòkòrò rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti kúrò ní Áfíríkà. Síbẹ̀ irú rẹ̀ mìíràn ń yọjú níbi tí àjẹsára kò ti kárí, nítorí náà ẹ má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń kán an sí ọmọ lẹ́nu.

Ní ti ẹsẹ̀ títẹ̀, ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ èyí. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Jos, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1999, fi hàn pé àìtó kálísíọ́mù nínú oúnjẹ ló ń fa ríkẹ́ẹ̀tì ọ̀pọ̀ ọmọ wa, kì í ṣe àìrí oòrùn bíi ti Ìlú Ọba. Ẹ̀kọ àti àmàlà á yó ọmọ, ṣùgbọ́n kò tó egungun kọ́. Ẹja kéékèèké tí a lè lọ̀ teegunteegun sínú ọbẹ̀, àti wàrà níbi tí agbára bá ti ká a, ni egungun ń fẹ́.

Bí ẹ bá bí ọmọ tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ yí sínú, ẹ má ṣe dúró pé yóò tọ́ bó bá ń dàgbà. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí ẹ bí i, nígbà tí egungun rẹ̀ ṣì rọ̀, tí wọ́n lè fi pílásítà funfun yí i padà díẹ̀díẹ̀. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Bí ọmọ bá sì ṣẹ́ lápá tàbí lẹ́sẹ̀, n kò ní í bú teguntegun, nítorí ẹ ti gbọ́ pé ilé wọn ni ọgbọ́n Ìlú Ọba ti jáde. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dì í tán, tí ìka ọmọ wú, tí ó tutù, tí ó ń dúdú, tàbí tí ọmọ ní òun kò mọ̀ ọ́n lára mọ́, ẹ tú okùn náà lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sáré gbé e lọ bá dókítà. Wákàtí díẹ̀ ló wà láàárín apá tó ṣẹ́ àti apá tí wọ́n gé.

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, ojú wa ló ń rí ọmọ lójoojúmọ́. Ẹ wo ẹni tó ń tiro, ẹni tí èjìká rẹ̀ kan ga ju èkejì lọ, ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Ẹ bá òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú sùúrù, kì í ṣe pẹ̀lú ẹ̀gàn. Kí a sì gba ọmọ tí kò lè rìn sí kíláàsì ní ọjọ́ orí tó yẹ, kí a fi í sí ibi tí kò ti ní í gun àtẹ̀gùn. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọlọ́jà tí ẹ ń dá àjọ, ṣé a kò lè ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún owó ọkọ̀ ọmọ kan lóṣù lọ sí ilé ìwòsàn? Yàrá tí a yá, nọ́ọ̀sì kan àti àwọn obìnrin tó ń po tíì ni ẹ̀ka tí Agnes Hunt fi bẹ̀rẹ̀. Yàrá kò wọ́n wa, obìnrin onínúure kò sì wọ́n wa.